Òjòjò Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Nígbà tí wọ́n gbé Màmá, ìyá bàbá mi, sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, gbogbo ilé ló ń sunkún. Àǹtí Rónkẹ́, àbíkẹ́yìn wọn, ń gbé ara lulẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ pé ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún là ń sin. Kẹ́mi àbúrò mi sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Èmi nìkan ni omi kò bọ́ lójú mi. Ìyàwó ẹbí kan tiẹ̀ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ọkàn ọmọ yìí le o. Ọkàn mi kò le. Ara ló tù mí. Ara tù mí débi pé ojú ń tì mí, mo sì rò pé ó yẹ kí n fẹnu ara mi sọ ìdí rẹ̀ kí àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ jù mí lọ tó bá mi sọ ọ́.

Mi ò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. Ìyẹn wà nínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé náà ní Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí wọn sí, Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti lọ́kọ, wọ́n ta obì, wọ́n bí ọmọ márùn-ún, wọ́n sì sin Ọlọ́run dópin. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ka ìwé yẹn kò ní mọ̀ pé obìnrin yìí lè fi èèpo àgbàdo ṣe ọmọláńgidi tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Kò sì ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi pẹ̀lú wọn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, tí mo fi ń gbé ẹrù kiri nínú ọkàn mi fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ. Ìyá mi padà sílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ni wọ́n bá kó èmi àti Kẹ́mi wá sọ́dọ̀ Màmá. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, Kẹ́mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Kò sí tẹlifíṣọ̀n nílé Màmá. Iná mànàmáná ń wá nígbà tó bá wù ú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi sunkún pé kí wọ́n dá mi padà. Ní ọjọ́ kẹrin, Màmá jókòó tì mí níwájú ilé, wọ́n fi oríkì mi pè mí. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ẹkún yìí ti tó. Bá mi ṣa ìkarahun ìgbín yẹn wá."

Èdè Rẹ́mọ ponbele ni Màmá ń sọ. Mo ń kọ ọ́ síbí lọ́nà tí gbogbo wa yóò fi lè kà á, àmọ́ ẹ máa rántí pé ó le ju báyìí lọ létí.

Ìgbà òjò ni, ìgbín pọ̀ níta. Màmá ṣẹ́ ṣóńṣó ìdí ìkarahun kan kúrò, wọ́n ní kí n máa ha etí rẹ̀ lórí òkúta títí yóò fi dọ́gba. Òkòtó la ń ṣe. Mo ha á títí ìka fi ń ta mí, mo ń ráhùn, mo ń sọ pé ní Èkó wọ́n máa ń rà á ni. Nígbà tí mo wá ta òkòtó náà sórí símẹ́ǹtì iwájú ilé, tó ń yí, tó ń yí, tí kò fẹ́ dúró, mi ò rántí Èkó mọ́. Mo wojú Màmá bóyá wọ́n á kí mi kú iṣẹ́. Wọ́n kàn ní, "Èyí tó o ṣe lò ń wò yẹn. Wọn kì í tà á."

Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ògiri pálọ̀ Màmá, àmọ́ nítorí ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ń wò ó: kí wọ́n lè mọ aago tí oòrùn máa wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, torí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìjọ wọn máa ń sinmi. Oṣù kò jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Ohun tí ọwọ́ ọmọdé lè ṣe ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ọdún dé. Tí ìgbín bá ń rìn, ìgbà òkòtó ni. Tí àgbàdo titun bá dé, a ó fi èèpo rẹ̀ ṣe ọmọláńgidi, a ó fi irun àgbàdo ṣe irun orí rẹ̀, Màmá á sì bá wa dì í lẹ́yìn tí oníkálukú bá ti yan ọmọ tirẹ̀. Tí wọ́n bá wa kókò, ẹ̀bìrìpò ni. Tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè wa ń là, àádùn ni: a ó yan àgbàdo, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó fi epo pupa àti iyọ̀ díẹ̀ pò ó, a ó wá dì í sínú ewé. Ewé tí Màmá fi ń tẹ́ inú apẹ̀rẹ̀ kí obì wọn má baà gbẹ náà ni. Tí ewùrà bá sì ti wọlé láti oko, ọ̀rọ̀ di òjòjò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti òjòjò dáadáa, torí òun ló ni ìtàn yìí. A ó rin ewùrà lára páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí, a ó fi ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, Màmá á máa já a sínú epo gbígbóná ní rògòdò rògòdò. Èmi fẹ́ràn ata nínú tèmi. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ ata bí àgbàlagbà, Màmá sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahọ́n yìí kì í ṣe ti ọmọ Èkó, Ìkẹ́nnẹ́ ló ti wá.

Òfin méjì ló wà nídìí iṣẹ́ wọ̀nyí. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó kéré tó. Èkejì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá ọmọdé tún tirẹ̀ ṣe. Nítorí òfin kejì yìí ni Màmá ṣe bá Àǹtí Rónkẹ́ jà. Tíṣà ni Àǹtí Rónkẹ́, ohun tí kò gún kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. Lọ́jọ́ náà, Màmá ti rin kókò, wọ́n ti fi epo, ata àti iyọ̀ sí i, oníkálukú ń pọ́n ẹ̀bìrìpò tirẹ̀ sínú ewé. Tèmi dúró dáadáa. Ti Kẹ́mi kò jọ nǹkan kan. Ó wé ewé náà bí ẹni tó ń wé gèlè fún ewúrẹ́. Ni Àǹtí Rónkẹ́ bá tú u, wọ́n tún un pọ́n, wọ́n so ó gbọn-in. Màmá nawọ́ mú ẹ̀bìrìpò náà, wọ́n tú u, wọ́n gbé e padà síwájú Kẹ́mi.

"Màmá, yóò tú sínú ìkòkò," ni Àǹtí Rónkẹ́ wí.

"Jẹ́ kó tú."

"Ó máa ba omi jẹ́."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ mu omi náà ni?"

Ó tú lóòótọ́. Kẹ́mi fi ṣíbí jẹ tirẹ̀ bí ẹni ń jẹ àsáró, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá àwo. Àǹtí Rónkẹ́ di ojú kókó títí ilẹ̀ fi ṣú, Màmá ò tiẹ̀ rí wọn. Kẹ́mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Tiẹ̀ ni. Ẹ ò rí bó ṣe ń jẹ ẹ́?"

Ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Mo jẹ igbájú Màmá nítorí ewé tí mo fà ya lásán, mo sì jẹ òmíràn nítorí pé mo ráhùn lórí ti àkọ́kọ́. Nígbà tí bàbá mi ra bèbí oníke wá láti Èkó, irú èyí tó ń dijú tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, Màmá yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, wọ́n béèrè ẹni tó ṣe é. Bàbá mi ní ilé iṣẹ́ ni, Màmá. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó jókòó." Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló jókòó sí títí a fi kúrò níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ti ilé Kérésì. Ní ìparí ọdún, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ ilé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á máa lu agolo nínú rẹ̀. Ó ń wù mí bí nǹkan míì. Ṣùgbọ́n Màmá kì í gba ti ariwo Kérésì, ẹ̀rù sì ń bà mí láti béèrè. Nígbà tí mo wá béèrè, wọ́n ní kí ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Mo ní imọ̀ ọ̀pẹ. Wọ́n ní àwọn ọmọ Ísírẹ́lì náà fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ àgọ́. Ọjọ́ kejì ni ẹnì kan ti bá wa gé imọ̀ ọ̀pẹ wá. Ẹ̀yìnkùlé la kọ́ ọ sí, ó wọ́, òjìji rẹ̀ kò tó nǹkan, Màmá sì gbé àpótí wọn wọ inú rẹ̀, wọ́n ń pò àádùn níbẹ̀. Ìyá Jóṣúà, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, yọjú. Ó rí ilé, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ilé, ó ya ẹnu.

"Ìyá Fẹ́mi, ẹ ti ń ṣe Kérésì?"

"Àgọ́ ni," ni Màmá wí. "Tẹrí ba kó o wọlé, àádùn ti débẹ̀."

Fẹ́mi ni bàbá mi. Ìyá Jóṣúà sì tẹrí ba wọlé.

Èyí tí mo sọ yìí lè jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé Màmá máa ń wá ọgbọ́n dá sí gbogbo nǹkan. Rárá. Ohun kan wà tí wọn kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, òun ni Ọjọ́ Ìsinmi. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì títí yóò fi wọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, iná kì í jó nínú ilé yẹn. Nínú ìjọ wọn, àwọn tó ń gbé oúnjẹ kaná kó lè gbóná ní ọjọ́ náà wà, pásítọ̀ ò sì bá wọn wí. Ti Màmá le ju ti pásítọ̀ lọ. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, oúnjẹ ọjọ́ kejì ti wà nínú kúlà, ẹ̀kọ ti wà nínú fúláàsì, a ti wẹ̀, a ti kun bàtà. Wọ́n á wá fi eérú bo ààrò. Àtùpà tí wọ́n bá tàn kí oòrùn tó wọ̀ la ó lò. Tí epo rẹ̀ bá tán, ó tán nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣá ìṣáná. Mo bi wọ́n nígbà kan ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ọjọ́ mẹ́fà ti tó fún iná."

Nígbà ọyẹ́ tí a máa fi pé ọdún kejì níbẹ̀, èéyi mú Kẹ́mi. Èéyi náà ti ń gbẹ lára rẹ̀, àmọ́ gbogbo inú ẹnu rẹ̀ bó, kò sì jẹun. Ẹ̀kọ, ó tu ú. Wàrà, ó tu ú. Láti ọjọ́rú kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kàn kọjú sí ògiri lórí ẹní. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ládùúgbò wá wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó fa awọ apá rẹ̀ díẹ̀, ó wo bó ṣe ń padà. Ó ní tí ọmọ yìí kò bá tí ì jẹun tó bá fi di ọjọ́ Àìkú, ká gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Ṣàgámù kí wọ́n fa omi sí i lára, kí á má sì fi falẹ̀. Epo bẹntiróò wọ́n lásìkò náà, bàbá mi kò rí mọ́tò wọ̀ láti Èkó. Màmá gbọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì pọn Kẹ́mi sẹ́yìn. Ẹ̀yìn wọn ló wà títí di ìrọ̀lẹ́.

Gbogbo ilé di ti Kẹ́mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, mo mọ̀ pé àìsàn kì í ṣe eré, ẹ̀rù sì ń bà mí kí àbúrò mi má lọ kú. Àmọ́ mo tún ń jowú. Ẹ jẹ́ n pè é lórúkọ tó ń jẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo jẹun. Ẹ̀kọ tí Kẹ́mi bá kọ̀, tó ti tutù, ni mò ń mu. Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, oòrùn wọ̀ tí Màmá kò tí ì se nǹkan kan. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, wọ́n ń wo ojú ọ̀run tó ti pọ́n, Kẹ́mi wà lẹ́yìn wọn, ọwọ́ wọn méjèèjì wà ní ìdí ọmọ náà. Kúlà ṣófo. Gàrí ni mo mu ní alẹ́, gàrí náà ni mo tún mu ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọyẹ́ mú, omi tutù, gàrí náà sì jókòó sí mi nínú bí òkúta.

A ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Màmá jókòó ti Kẹ́mi, wọ́n ń ka Bíbélì wọn wúyẹ́wúyẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ewùrà wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, mò ń wò ó. Mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi.

"Màmá, Kẹ́mi ní òun fẹ́ jẹ òjòjò."

Màmá gbójú sókè. "Kẹ́mi ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí ẹ wà ní ẹ̀yìnkùlé."

Wọ́n wo Kẹ́mi tó kọjú sí ògiri. Wọ́n wá wò mí. Wọ́n wò mí pẹ́. Mo rò pé igbájú ló ń bọ̀. Wọ́n pa Bíbélì dé, wọ́n bọ́ awò ojú wọn lé e lórí, wọ́n ní, "Gbé ewùrà wá. Mú páànù ìrinṣu dání."

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni, àmọ́ mo gbé ewùrà náà. Màmá wọ kíṣìnì, wọ́n fọwọ́ gbá eérú kúrò lójú ààrò. Ìṣáná àkọ́kọ́ ṣẹ́. Èkejì kú. Ẹ̀kẹta mú. Mo ń rin ewùrà, mo bó ìka ara mi, mi ò dún. Wọ́n gún ata sí i, àlùbọ́sà, iyọ̀. Wọ́n já èyí àkọ́kọ́ sínú epo, ó sì dún ṣàà.

Ìró yẹn ló jí Kẹ́mi. A ò gbọ́ ìgbà tó dìde. A kàn rí i tó fara ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń wo ìkòkò epo. Ó ní, "Èmi náà fẹ́ ṣe tèmi."

Màmá yára sún àwo tó ní ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gé ewùrà míì, wọ́n fọwọ́ ara wọn rin ín, iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi sí i, wọ́n sì gbé e síwájú Kẹ́mi. Mo rò nígbà náà pé ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí wọ́n ti gbàgbé pé ẹnu rẹ̀ bó. Kẹ́mi fi ìka méjì mú díẹ̀, ó já a sínú ṣíbí, Màmá sì bá a dín in bó ṣe rí. Ìrù gbọọrọ wà lára rẹ̀. Kẹ́mi fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ, ó gé e jẹ. Ojú rẹ̀ fà ro nítorí ẹnu tó ń dùn ún, ó sì gbé e mì. Ó tún ṣe òmíràn. Mẹ́ta ló jẹ, ó mu omi lé e. Màmá fi etí aṣọ wọn nu ojú, wọ́n ní èéfín ni. Èmi náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, mo ń jẹ tèmi tó ní ata, ó gbóná, ó dùn dé eegun, ẹ̀rí ọkàn sì ń jẹ mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́.

Ibẹ̀ ni Ìyá Jóṣúà bá wa. Ó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, òórùn epo ti pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà.

"Ìyá Fẹ́mi, ṣé iná ni mò ń rí?"

"Iná ni."

"Lónìí?"

"Lónìí náà ni."

Ìyá Jóṣúà wo ààrò, ó wo Kẹ́mi tí epo wà ní ètè rẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ọ̀rẹ́ gidi ni, ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà yọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Jésù náà sọ ọ́ pé tí màlúù ẹni bá já sí kòtò lọ́jọ́ ìsinmi, kí á fà á jáde. Ọmọ kan ló já sí kòtò yìí. Ẹ ti fà á jáde."

"Méjì ni," ni Màmá wí, wọ́n sì ń bá òjòjò wọn lọ.

Mo rò pé wọ́n ṣì í sọ ni.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, Kẹ́mi ti ń béèrè oúnjẹ. A ò gbé e lọ sí Ṣàgámù. Bàbá mi dé ní ọjọ́ Ajé, ó bá a níwájú ilé tó ń fi èèpo ewùrà kọ́ ilé fún èèrà. Ó yẹ kí ìtàn parí síbẹ̀, kí gbogbo wa máa yọ̀. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Màmá dìde láàárín ìjọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni fẹ̀sùn kàn wọ́n, wọ́n ní àwọn dáná lọ́sẹ̀ tó kọjá. Alàgbà ní, "Ọmọ ń ṣàìsàn, Màmá. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀." Gbogbo ìjọ ní bẹ́ẹ̀ ni. Màmá dúpẹ́, wọ́n ní àwọn gbọ́, àmọ́ àwọn á jókòó ná. Kíláàsì àwọn ọmọdé tí wọ́n ti ń kọ́ fún ọdún pípẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi amọ̀ mọ ọkọ̀ Nóà, tí wọ́n ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ẹja, wọ́n gbé e sílẹ̀. Láti ìgbà ọyẹ́ yẹn títí àgbàdo titun fi dé, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó sí. Mo máa ń bojú wẹ̀yìn wò wọ́n láti inú kíláàsì, ọwọ́ wọn wà lórí ẹsẹ̀ wọn, kò ṣe nǹkan kan.

Irọ́ mi ló gba kíláàsì lọ́wọ́ wọn. Bó ṣe rí lójú mi nìyẹn, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún. Obìnrin tí kì í ṣá ìṣáná, èmi ni mo mú kó ṣá a. Tó bá jẹ́ pé Kẹ́mi béèrè lóòótọ́ ni, ìbá sàn. Mo dàgbà, mo lọ sí yunifásítì, mo lọ́kọ, mo bímọ méjì, mi ò fi òjòjò kan ètè mi mọ́. Ọkọ mi rò pé ewùrà máa ń yún mi lọ́fun. Tí mo bá wá sí Ìkẹ́nnẹ́, tí Màmá bá ń bi mí ìdí tí mi ò fi ń jẹ ẹ́, màá ní mo ti yó. Mo lè bá ẹnikẹ́ni jà láyé yìí, wọ́n mọ̀ mí mọ́ ọn níbi iṣẹ́, àmọ́ mi ò ní ẹnu láti sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún ìyá bàbá mi.

Ọyẹ́ tó ṣáájú ikú wọn ni mo tó sọ ọ́. Mo kó àwọn ọmọ mi wá kí wọn. Ojú Màmá kò ríran mọ́, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n sábà máa ń wà, síbẹ̀ wọ́n ti rán ẹnì kan lọ wá ìkarahun ìgbín tó kù láti ìgbà òjò. Ọmọ mi kékeré, Tómi, jókòó sílẹ̀, ó ń ha tirẹ̀ lórí òkúta. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á gbé e fún Màmá, Màmá á fi àtàǹpàkò yí etí rẹ̀ ká, wọ́n á dá a padà fún un pé kó máa ha á lọ. Ìró òkúta yẹn ló tú mi nínú. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Kẹ́mi kò sọ pé òun fẹ́ jẹ òjòjò lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo pa irọ́."

Wọ́n yíjú sí ibi tí ohùn mi ti wá.

"Ata ńkọ́?" ni wọ́n wí.

"Ata wo, Màmá?"

"Ata tí mo fi sí i. Ta ló máa ń fi ata sí oúnjẹ ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bó?"

Màmá ń fọwọ́ wá orí mi títí wọ́n fi rí i. Wọ́n ní, "Kẹ́mi ò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́rú. Ìwọ lo wá ń jíṣẹ́ pé ó ní òjòjò. Mo wojú rẹ, mo rí i pé ebi ti fẹ́ lu ọmọ mi pa. Oòrùn wọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mi ò se nǹkan kan fún ọmọ tí ara rẹ̀ yá. O wá rò pé tí o bá ní tìrẹ ni, mi ò ní dáná."

"Ṣé ẹ̀ bá dá a, Màmá? Ká ní mo sọ pé èmi ni?"

"Mo dá a, àbí mi ò dá a?"

Mo béèrè ọ̀rọ̀ kíláàsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Alàgbà fojú fò ó nítorí ọmọ tó ń ṣàìsàn, kì í sì í ṣe ọmọ tó ń ṣàìsàn ni àwọn dáná fún. Àwọn ò lè gba ohun tí kì í ṣe tàwọn. Àwọn lọ jókòó sẹ́yìn, ara àwọn balẹ̀, nígbà tó tó, àwọn padà síwájú. Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi láti gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Wọ́n ní, "Mo rò pé o mọ̀. Pẹ̀lú gbogbo ata yẹn?"

Ọjọ́ náà ni mo sun ẹkún tèmi. Mo sun ún tán pátápátá, lójú àwọn ọmọ mi, imú mi ń ṣàn, Tómi pa òkúta tì ó ń wò mí. Ìdí tí kò fi ṣẹ́ kù fún mi létí ibojì nìyẹn. Màmá jẹ́ kí n sun ún díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbá mi lórí pẹ́ẹ́.

"Àṣàkẹ́, ẹkún yìí ti tó. Ọjọ́ wo la wà?"

"Ọjọ́ Àìkú, Màmá."

"Ewùrà wà ní kọ̀rọ̀ yẹn. Lọ rin ín."

Mo rin ín. Tómi ṣe tirẹ̀, ó rí wọ́gọwọ̀gọ, mo bá a dín in bẹ́ẹ̀. Mo gbé àwo tèmi wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì jẹ ẹ́ níbẹ̀ kí Màmá lè máa gbọ́ bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Mo ti fi ata sí i dáadáa.